Ihò Pupa, Ihò Funfun

Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ni wọ́n pe tuntun l'Ókè-Fìà.
Ó jókòó nínú gíláàsì bí ìyàwó ọ̀ṣìngín,
ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀.
Fèyíṣarà, ọmọ tó ń tajà, ka oríkì ẹ̀ fún mi:
ẹnu méje ló fi ń sọ̀rọ̀, gàràńtì ọdún kan,
ó ń bá fóònù ṣe wọlé-wọ̀de láìsí wáyà,
bí wọ́n bá yìnbọn nínú fíìmù, ẹ̀yin fúnra yín á dọ̀bálẹ̀.
Mo ní, ọmọ mi, mo ti dọ̀bálẹ̀ tó láyé mi.
Mo fi ìka kan tì í. Ó sún.
Ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì.

Èkejì wà ní Alékúwodò,
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kásúmù tó ń tún rédíò ṣe,
láàárín fáànù tí kò lápá mọ́ àti áyọ́ọ̀nù tó ti jó.
Tòkunbọ̀ ni ańpù náà. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà.
Àwa méjì la gbé e sórí bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì ké.
"Bàbá, kọ́pà ló wúwo yẹn. Nígbà yẹn, wọn kì í ṣahun kọ́pà."
Ó tú ìdérí ẹ̀. Eruku ìlú òyìnbó dìde,
èmi àti Kásúmù jọ sín.
Aáyán gbígbẹ kan wà níbẹ̀
(ó ní ti Òṣogbo ni, aáyán òyìnbó kì í sanra tó bẹ́ẹ̀)
àti bébà pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́tìnì,
ìkọ̀wé ẹni tí n kò mọ̀, nọ́ńbà kan péré: 4.
Ta ló ń yí i dé mẹ́rin?
Ta ló sùn sí yàrá kejì tí kò fẹ́ kó jí?

Mo ní, Kásúmù, ṣé á pẹ́?
Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀.
"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Nílé, Morádékẹ́ ò jẹ́ kí n bọ́ bàtà.
"Owó tí Ìbíkúnlé fi ránṣẹ́ pé kí o ra tuntun,
ohun tí ẹlòmíì ti lò sú lo fẹ́ fi rà?"
Mo ní, èmi tí o fẹ́ ńkọ́, ṣé nínú páálí lo ti bá mi?
Mo ti sin aya kan, ọmọ ọdún mẹ́rin wà léjìká mi.
Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbà.
Ó ní, "Mo tú ìdérí rẹ wò kí n tó gbé ọ."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ń ṣa ìrẹsì, kò gbójú sókè.
"Èwo nínú wọn ló níhò tó lè gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn. N kò mọ̀ pé ó mọ ibi tí mo fi sí.
Tuntun ò ní ihò pupa, kò ní ihò funfun;
àlòkù ní méjèèjì, àmọ́ kò níhò
fún tẹlifíṣàn ńlá tí Ìbíkúnlé rà lọ́dún tó kọjá.
Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń dí ihò kan kó tó lu òmíràn.

Nítorí náà, tẹlifíṣàn ṣì wà lára ògiri,
ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣòfófó lọ.
Kásúmù sì so wáyà tán lálẹ́ Ọjọ́rú, ó gbowó, ó lọ.
Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú páálọ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, èje...
Obìnrin kan sì dá a dúró láti ẹ̀yìn,
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìdí àdògán:
"Ẹ̀fà ló kàn, olówó orí mi. Ẹ̀fà."

Morádékẹ́ ní kí n yí i sókè, òun ò gbọ́ dáadáa.
Mo yí i dé mẹ́rin.
Iná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.
Kò sẹ́ni tó dìde wá àbẹ́là.
Mo gbé ọwọ́ lé e nínú òkùnkùn:
irin náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́
bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.